Wíwá Baba ní Ilẹ̀ Onílẹ̀: Àyẹ̀wò Ìwé «Le Premier Homme» ti Albert Camus

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí bá ìwé ìtàn-àròsọ tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí mu gan-an. Ọkùnrin kan tí ó ti pé ọmọ ogójì ọdún dúró létí sàréè baba rẹ̀ tí kò mọ̀ rí. Ó ka ọdún tí wọ́n kọ sí ara òkúta: 1885 sí 1914. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́kàn, ó sì rí i pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ni baba náà nígbà tí ó kú. Ọmọ tí ó wá kí baba ti dàgbà ju baba lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wo ẹ̀yìn: ta ni baba òun, níbo ni àwọn tí ó bí i ti wá, kí ni wọ́n sì wá ṣe ní ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn?

Ìbéèrè kẹta yìí ni ó mú kí ìwé náà yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìtàn ọmọ òrukàn. Ìdílé tí à ń tọpa rẹ̀ kì í ṣe ìdílé onílẹ̀. Ìdílé atẹ̀dó ni, àwọn Faransé tí wọ́n ré òkun kọjá lọ sí Àlgéríà nígbà ìmúnisìn. Ǹjẹ́ ẹni tí baba ńlá rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ onílẹ̀ lè wá orírun ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó tún fi ọwọ́ rọ́ ìtàn onílẹ̀ sẹ́yìn? Ọ̀rọ̀ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí yóò fi wọn iṣẹ́ Camus, láti mọ ibi tí ó ti yege àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó.

Òǹkọ̀wé àti Ìwé Rẹ̀

Ọjọ́ 7 oṣù Kọkànlá ọdún 1913 ni wọ́n bí Albert Camus ní Mondovi, ìlú kékeré kan ní ẹkùn Bône ní ìlà-oòrùn Àlgéríà. Dréan ni wọ́n ń pe Mondovi lónìí, Annaba sì ni Bône. Lucien, baba rẹ̀, jẹ́ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wáìnì kan. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, wọ́n pe Lucien sójú ogun. Ó fara gbọgbẹ́ ní ogun Marne, ó sì kú sí ilé ìwòsàn ní Saint-Brieuc ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé ọdún kan. Ìyá, Catherine Sintès, tí ìran rẹ̀ ti erékùṣù Minorca ní Sípéènì wá, kó àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ní àdúgbò Belcourt ní Algiers. Obìnrin náà kò gbọ́ràn dáadáa, kò mọ̀wé kà, iṣẹ́ ìtọ́jú ilé onílé ni ó sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀.

Camus gba Ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 1957. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 1960, ó kú nínú jàǹbá ọkọ̀ ní Villeblevin ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Nínú àpò ìwé rẹ̀ ni wọ́n ti bá ojú-ìwé 144 tí ó fi ọwọ́ kọ. Wọn kò tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà náà. Ogun òmìnira Àlgéríà ń jà lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti bínú sí Camus nítorí ohun tí ó sọ àti ohun tí ó kọ̀ láti sọ nípa rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Catherine Camus, ni ó tún ìwé náà tò, tí ilé ìtẹ̀wé Gallimard sì gbé e jáde ní 1994, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ìtumọ̀ àkọlé rẹ̀ ni «Ọkùnrin Àkọ́kọ́».

Ìwé tí kò parí ni, àmì àìparí náà sì wà lára rẹ̀. Ní orí kìíní, Lucie ni ìyá ń jẹ́; nígbà tí ó yá, ó di Catherine. Bernard ni orúkọ olùkọ́, ṣùgbọ́n níbòmíràn òǹkọ̀wé gbàgbé, ó kọ Germain, orúkọ olùkọ́ tí ó kọ́ òun gan-an. Lámèyítọ́ lè ka èyí sí àléébù. Bí a bá tún un wò, a ó rí i pé ẹ̀rí ni: aṣọ ìtàn-àròsọ tí Camus dà bo ìtàn ìdílé rẹ̀ fẹ́lẹ́, òtítọ́ sì ń hàn láti abẹ́ rẹ̀. Kódà Cormery, orúkọ ìdílé Jacques tí í ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn, kì í ṣe orúkọ tí ó hùmọ̀. Orúkọ ìdílé tí wọ́n ti bí ìyá baba Camus ni.

Àhunpọ̀ Ìtàn

Apá méjì ni ìwé náà ní. Èkíní ń sọ nípa wíwá baba. Èkejì ń sọ nípa ọmọ tí í ṣe ọkùnrin àkọ́kọ́ náà. Ìtàn bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan ní 1913. Òjò ń rọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹṣin ń gbé tọkọtaya kan lọ sí oko tí ọkọ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, Lárúbáwá kan ni ó sì ń wà á. Ìrora ìrọbí ti mú aya. Bí wọ́n ti gúnlẹ̀ ni wọ́n wá obìnrin tí yóò gbẹ̀bí, Lárúbáwá obìnrin kan sì wà lára àwọn tí ó ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ọmọ dáyé tán, baba bọ́ síta, òun àti Lárúbáwá kan sì jókòó sábẹ́ àpò kan ṣoṣo, wọ́n ń sá fún òjò.

Àwòrán yìí lẹ́wà púpọ̀. Camus kò sọ àsọyé kankan lórí rẹ̀. Ó kàn fi atẹ̀dó àti onílẹ̀ sábẹ́ àpò kan náà ní òru ọjọ́ tí a bí ọmọ náà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Òǹkàwé tí ó bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ìran méjèèjì náà láti 1954 sí 1962 kò ní lè gbàgbé àpò yẹn.

Lẹ́yìn èyí ni ìtàn fo ogójì ọdún, tí ọmọ náà lọ sí itẹ́ òkú àwọn ọmọ ogun ní Saint-Brieuc. Ó padà sí Algiers láti bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ìyá kò rántí púpọ̀. Ohun tí ó rí kó jọ nípa baba kò kún ọwọ́. Baba fi ìgbà èwe rẹ̀ gbé ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ní ọjọ́ kan, ó dìde lóru lọ wo bí ìjọba ṣe ń bẹ́ orí apànìyàn kan. Nígbà tí ó dé ilé, ó dùbúlẹ̀, ó bì, kò sì fẹ́ sọ ohun tí ó rí. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ogun ní Mòrókò ní 1905 sọ pé nígbà tí wọ́n bá òkú ẹlẹgbẹ́ wọn tí ọ̀tá ti gé lára, ohun tí Cormery ń tẹnu mọ́ ni pé bí ọ̀rọ̀ ti wù kí ó burú tó, ẹni tí ó bá jẹ́ ènìyàn gbọ́dọ̀ lè kó ara rẹ̀ níjàánu. Àti àfọ́kù ọta àgbá kan, èyí tí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́ sí opó, tí opó náà fi sínú agolo bisikíìtì. Gbogbo ogún tí ọmọ jẹ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Jacques tún lọ sí Mondovi tí wọ́n ti bí i. Kò bá ẹnì kan tí ó mọ baba rẹ̀. Ìtàn àwọn ẹlòmíràn ni ó gbọ́, ìtàn àwọn tí wọ́n wá tẹ ìlú náà dó ní 1848. Ọdún yẹn, lẹ́yìn ìdìtẹ̀ ní Paris, ìjọba ilẹ̀ Faransé ya 50 mílíọ̀nù owó franc sọ́tọ̀ láti kó àwọn aláìníṣẹ́ lọ dá oko sílẹ̀ ní Àlgéríà. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn gba orí odò dé Marseille, wọ́n sì kó wọn sọdá òkun. Abẹ́ àgọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ sùn, òjò sì ń pa wọ́n. Àrùn onígbáméjì àti ibà pa wọ́n bí ẹni pa eṣinṣin. Nínú ìwé náà, wọ́n a sin òkú tán, wọ́n a sì jó, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ijó yóò mú kí ara gbóná, kí àrùn má lè ráyè wọlé.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí Camus lò níbí yẹ ní àkíyèsí. Àwọn ará 1848 wọ̀nyí kì í ṣe baba ńlá Jacques. Iṣẹ́ ni ó gbé baba rẹ̀ dé Mondovi ní 1913. Ẹni tí kò rí ìtàn ilé tirẹ̀ ni ó wá yá ìtàn àdúgbò lò. Camus jẹ́ kí èyí hàn gbangba. Kò fi irọ́ dí ihò náà.

Ìtàn Ẹnu àti Ìwé Ìforúkọsílẹ̀

Níbí ni ìwé náà ti jinlẹ̀ jù. Kí ni ó dé tí ìdílé kan lè gbàgbé ara rẹ̀ láàárín ìran mẹ́ta péré? Ìdáhùn Camus ni òṣì. Olówó ní ilé àtijọ́, ó ní lẹ́tà àti àwòrán. Tálákà kì í kúrò lójú kan, ọjọ́ rẹ̀ sì jọra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ohun tí yóò fi dá èkíní mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ẹni tí ó ń ronú oúnjẹ àárọ̀ ọ̀la kò ní àyè láti tọ́jú àná. Ìyá Jacques kò mọ̀wé. Bí àkọsílẹ̀ bá tilẹ̀ wà, kò lè kà á. Ìwé yìí gan-an ni Camus yà sọ́tọ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì sọ ní ojú-ìwé ìyàsọ́tọ̀ pé kò ní lè kà á láéláé.

Òǹkàwé Yorùbá yóò kọ́kọ́ ta ko ìdáhùn yìí. Tálákà ilẹ̀ Yorùbá kò gbàgbé orísun rẹ̀. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé, tí kò ní kọ́bọ̀, a máa kí ọmọ rẹ̀ ní oríkì orílẹ̀ láàárọ̀, a sì dárúkọ ìlú tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Nítorí náà, òṣì nìkan kọ́ ni ó fa ìgbàgbé ìdílé Cormery. Àṣà ìdílé wọn ti gbé iṣẹ́ ìrántí lé ìwé lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé kò wá sí nínú ilé, tí ẹnu sì ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀, àárín méjèèjì ni ìtàn já sí. Ibi tí Camus ti ṣe àṣìṣe nìyí: ó ka àìlérò àwọn ènìyàn rẹ̀ sí ìṣe gbogbo tálákà ayé.

Ìtàn kan ṣoṣo tí ìdílé náà dì mú, irọ́ ni. Wọ́n gbàgbọ́ pé ará Alsace ni ìran baba àwọn, pé nígbà tí Jámánì gba Alsace ní 1871, àwọn baba ńlá kọ̀ láti sin Jámánì, wọ́n yan ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì wá sí Àlgéríà. Camus kọ èyí sínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí òtítọ́. Àwọn tí ó ṣe ìwádìí ìgbésí ayé rẹ̀, tí Herbert Lottman jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, yẹ ìwé ìforúkọsílẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé Bordeaux ni ìran náà ti wá, àti pé wọ́n ti wà ní Àlgéríà tipẹ́ kí 1871 tó dé.

Ó yẹ kí a bi ara ẹni léèrè ohun tí irọ́ yìí wà fún. Ẹni tí ó sá kúrò ní Alsace, ẹni tí wọ́n ṣe níbi ni. Àánú rẹ̀ ń ṣe ni. Ẹni tí ó kúrò ní Bordeaux, ẹni tí ó ń wá ilẹ̀ àti ohun jíjẹ ni. Ìdílé náà yan baba ńlá tí ó rọrùn láti fẹ́ràn. Kò sí ìran tí kì í ṣe èyí. Ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ìdílé kò fi gbọ́dọ̀ bi ìtàn ẹnu ní kìkì bóyá ó jẹ́ òtítọ́. Ó gbọ́dọ̀ bi í pẹ̀lú pé àǹfààní ta ni ó ń ṣe.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fún Camus ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Níbi tí ó ti ń sọ ìtàn Alsace yìí, ó fi kún un pé ilẹ̀ tí wọ́n pín fún àwọn ará Alsace jẹ́ ilẹ̀ àwọn Àlgéríà tí wọ́n ṣọ̀tẹ̀ ní 1871, èyíinì ni ọ̀tẹ̀ El Mokrani, tí wọ́n pa tàbí tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n. Ó gbà pé àwọn tí wọ́n ni lára ni ó tún wá ń ni ẹlòmíràn lára. Kò sí ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù èyí nínú ìwé náà. Ohun tí ó bani nínú jẹ́ ni pé inú gbólóhùn kan ni ó ti sọ ọ́, ó sì kọjá lọ.

Olùkọ́ ní Ipò Baba

Bí ẹ̀jẹ̀ kò ṣe fún Jacques ní baba, ilé ẹ̀kọ́ fún un. Ọ̀gbẹ́ni Bernard, tí òun náà jagun 1914, a máa ka ìwé ìtàn ogun sí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ létí, Jacques a sì máa sunkún. Nígbà tí ó tó àkókò láti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, ìyá-ìyá ọmọ náà kọ̀. Obìnrin líle ni; ó ní dandan ni kí ọmọ lọ ṣiṣẹ́ kí owó lè wọlé. Bernard kò ránṣẹ́, kò sì kọ lẹ́tà. Ó lọ sí ilé náà fúnra rẹ̀, ó jókòó, ó bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, ó sì kọ́ ọmọ náà ní ẹ̀kọ́ àfikún lọ́fẹ̀ẹ́ títí ó fi yege ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Bákan náà ni ó rí fún Camus fúnra rẹ̀, tí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní 1924. Nígbà tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1957, ó kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí Louis Germain, olùkọ́ rẹ̀. Lẹ́tà náà wà ní òpin ìwé yìí.

Ìfìwàwẹ̀dá Bernard dára nítorí pé kì í ṣe áńgẹ́lì. A máa na ọmọ, ohùn rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kò ní ka àwọn orí wọ̀nyí láìronú. Ìwé tí ó ń wá òkú baba rí baba alààyè níwájú pátákó ìkọ̀wé.

Ibi tí Ìwé náà ti Kù Díẹ̀ Káàtó

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Camus sọ ọmọ rẹ̀ ní «Ọkùnrin Àkọ́kọ́». Èrò rẹ̀ ni pé atẹ̀dó kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ ayé láìní àná, láìní baba tí yóò kọ́ ọ, àfi bí ẹni pé òun ni ènìyàn tí ó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀. Orúkọ náà dùn létí, ó sì bá ìbànújẹ́ ọmọ aláìníbaba mu. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́, orí ilẹ̀ ta ni ó wà? Ní 1830 ni ogun ilẹ̀ Faransé wọ Algiers. Ènìyàn ti wà níbẹ̀, wọ́n ní baba, wọ́n ní ibojì, wọ́n ní orúkọ. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1845, àwọn ọmọ ogun Faransé fi èéfín pa àwọn ará Ouled Riah nínú ihò àpáta ní Dahra, tọkùnrin, tobìnrin, tọmọdé. Ìwé náà kò ṣàì mẹ́nu kan irú ìwà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mẹ́nu kàn án sọ pé àwọn tí ó ṣáájú náà ti hu ìwà ìkà sí ẹlòmíràn, títí ọ̀rọ̀ fi dé ọ̀dọ̀ Káínì. Bí ẹ̀bi bá ti dé ọ̀dọ̀ Káínì, kò sí lọ́rùn ẹnikẹ́ni mọ́.

Àwọn Lárúbáwá wà nínú ìwé náà, Camus kò sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí bọ́ǹbù bú ní àdúgbò ìyá Jacques, Jacques gba Lárúbáwá kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí inú ń bí. Atẹ̀dó àgbàlagbà kan tí ó tu gbogbo ọgbà àjàrà rẹ̀ kí ó tó lọ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé bí òun bá jẹ́ wọn, inú igbó ni òun ìbá wà pẹ̀lú àwọn tí ó ń jà. Síbẹ̀, nínú ìwé tí ó dá lórí ìtọpa ìdílé, kò sí ìdílé Lárúbáwá kan tí a tọpa rẹ̀. A kò mọ baba ẹni tí ó fi àpò bo Cormery lóru òjò. Irú àìsí yìí ni Kamel Daoud, ọmọ Àlgéríà, dáhùn sí ní 2013 nínú «Meursault, contre-enquête», níbi tí ó ti fún Lárúbáwá aláìlórúkọ tí wọ́n pa nínú «L'Étranger», ìwé tí Camus tẹ̀ jáde ní 1942, ní orúkọ, ìyá àti àbúrò.

Ẹnìkan lè sọ pé ìwé aláìparí ni, pé ikú ni kò jẹ́ kí Camus dé ibẹ̀. Òótọ́ wà níbẹ̀. Nínú àwọn àkọsílẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ìwé náà, ó kọ ọ́ pé kí a fi ilẹ̀ fún àwọn tálákà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ ni láti wọn ohun tí ó wà lójú ìwé. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ọmọ tí ó rí òtítọ́ fìrí, tí ìfẹ́ ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí ó tẹjú mọ́ ọn.

Ìkádìí

Àlgéríà gba òmìnira ní 1962. Bí mílíọ̀nù kan àwọn atẹ̀dó ni ó kúrò níbẹ̀, tí wọ́n fi ibojì àwọn baba wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń tọpa ìdílé lónìí. Ibi ìkówèésí ìjọba tí ó wà ní Aix-en-Provence ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ìgbà náà wà. Ìwé yóò sọ orúkọ, ọjọ́ àti ìlú fún wọn. Kò ní sọ ẹni tí ó ń gbin ilẹ̀ náà kí baba ńlá wọn tó dé.

«Le Premier Homme» jẹ́ ìwé tí ó níyì. Ìyì rẹ̀ ni pé kò parọ́ nípa òfo tí ó bá: ọmọ wá baba, kò rí i, ó sì sọ pé òun kò rí i. Àléébù rẹ̀ ni pé ó gba òfo ilé tirẹ̀ fún òfo gbogbo ilẹ̀ náà. Olùkọ́ tí yóò fi ìwé yìí kọ́ ọmọ níláti kọ́ wọn ní méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ó bá sì rán wọn nílé láti lọ béèrè ìtàn ìdílé wọn, kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n má dúró sórí ibi tí a ti wá nìkan. Kí wọ́n béèrè ẹni tí a bá níbẹ̀.